Ẹrẹ̀ Dúdú Tíṣà Fúnmiláyọ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Tíṣà Adéfúnmiláyọ̀ fi ya ilẹ̀ sójú pátákó, rúlà ló sì fi ń yà á. Ìpele mẹ́rin ni: òkè dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e ní àwọ̀ eérú, ẹ̀kẹta pupa, ìsàlẹ̀ pátápátá jẹ́ àpáta. Ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta péré ló ń lò. Ìpele òkè kò nílò ṣọ́ọ̀kì, torí dúdú ni, dúdú náà sì ni pátákó. Ìlà àárín wọn máa ń tọ́ débi pé èèyàn lè sá aṣọ lé e. Ọmọ tó bá fi ọwọ́ lásán ya tirẹ̀, máàkì rẹ̀ á fò lọ.

Ilé ìwé ìjọba kan ní Ìsọlọ̀ ló ti ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ló sì ń kọ́ wọn. Ká ní ẹnikẹ́ni ti bi í bóyá ó ti gbẹ́ ihò rí láti fi ojú ara rẹ̀ wo ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ì bá ti sọ pé ìwé ló wà fún un. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí tó ti fẹ̀yìn tì. Ilé tó ń gbé wà lẹ́bàá òpópónà Ailegun, níbi tí àwọn ará Èkìtì bíi tirẹ̀ àti àwọn ọmọ bíbí Ìsọlọ̀ jọ ń gbé, tí wọ́n sì jọ ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ara rẹ̀ le, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ń wọlé. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún: kò sẹ́ni tó ń bi í ní ìbéèrè mọ́. Ẹnu ń yún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn tó ń kiri ẹ̀fọ́ dúró lójú ọ̀nà, ó ń fi èdè Látìn sọ orúkọ ewé tí wọ́n gbé lórí fún wọn. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á gba ọ̀nà mìíràn.

Ìdí nìyí tí ojú rẹ̀ fi lọ sára ilẹ̀ kékeré tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ náà wà lókè òkun, ó sì ti fi í sábẹ́ ìtọ́jú ẹgbẹ́ àwọn onílé. Tíṣà lọ bá alága ẹgbẹ́ náà, Alhaji Mísbáù, ọmọ bíbí Ìsọlọ̀ tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Bọ́ládé. Ọkọ̀ Alhaji pọ̀ ju àyè tó ní lọ, òun náà sì ti ń wo ilẹ̀ yẹn tipẹ́.

"Tíṣà, mo gbọ́," ni Alhaji wí. "Ẹ gbin ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́. Àmọ́ tó bá di ìpàdé ìparí oṣù Kẹfà tí ilẹ̀ náà ṣì ṣófo, íńtálọ́ọ̀kì ni mo máa tẹ́ síbẹ̀ fún ọkọ̀. Ẹ má pè mí ní ìkà o."

"Ẹ ṣì máa wá tọrọ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ mi, Alhaji."

"Mo ti ń fọ abọ́ sílẹ̀."

Bó ṣe rí nìyẹn. Tí ewé bá hù kí oṣù Kẹfà tó parí, Tíṣà ní oko, ó sì ní ohun tí àwọn èèyàn á máa bi í léèrè. Tí kò bá hù, yóò máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa wo ọkọ̀ Alhaji.

Ó kó pàǹtírí orí ilẹ̀ náà kúrò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò wù ú. Kò dúdú tó. Ní Èkìtì tí wọ́n bí i sí, bàbá rẹ̀ kì í wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: bó bá ti dúdú, iṣu ti dé nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n ń kó ẹrẹ̀ jáde nínú kánáàlì kan ní Okota kí òjò tó dé. Ẹrẹ̀ náà wà ní òkìtì òkìtì lẹ́bàá ọ̀nà. Ó dúdú bí àdín, ó ń dán. Tíṣà rí i láti inú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó ní kí wọ́n dúró. Ẹ̀rín ń pa á lọ sílé. Àwọn ará Èkó ń da iṣu nù.

Típà kan gbé e wá, wọ́n sì tẹ́ ẹ káàkiri. Ọmọ́níkẹ́, tó ń ta sóbò ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, fi aṣọ bo imú. Orúkọ ọmọ Tíṣà ló fi ń pè é.

"Mọ́mì Tóbi, kí ló ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ báyìí?"

"Òórùn ọ̀rá ilẹ̀ ni."

"Ọ̀rá yìí pọ̀ jù, mà. Àwọn oníbàárà mi ń bi mí bóyá sóbò ló ń rùn."

"Jẹ́ kó gbẹ. Wàá rí i."

Ó gbẹ. Òórùn náà dín kù. Tíṣà gbin tètè, ó ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, orí wẹ́wẹ́ yọ káàkiri, ó sì pe Ọmọ́níkẹ́ wá wò ó. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n létí. Lọ́jọ́ kejìlá, gbogbo rẹ̀ ti sùn lélẹ̀. Tíṣà ní irúgbìn náà ni kò dára. Ó ra òmíràn. Èyí kò tilẹ̀ yọjú síta rárá. Ohun tó wá hù dípò rẹ̀ ni lẹ́búlẹ́bú kan tó ní àwọ̀ ìyeyè, tó lẹ̀ mọ́ ara ẹrẹ̀ gbígbẹ náà. Tíṣà kò mọ ohun tó jẹ́. Kò sí nínú ìwé tó fi kọ́ wọn.

Alhaji ń kọjá lọ sí mọ́sálásí. Ó dúró.

"Tíṣà, tètè yín dà? Ṣé wọ́n lọ họ́lìdè ni?"

"Wọ́n ń bọ̀."

"Ẹ bá mi kí wọn tí wọ́n bá dé. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti lọ wo íńtálọ́ọ̀kì. Aláwọ̀ méjì ni mo fẹ́."

Inú bí Tíṣà. Nígbà tí inú bá bí i, ẹnu rẹ̀ máa ń padà sí Èkìtì, ilẹ̀ á sì di ulẹ̀. "Ulẹ̀ yìí á hu nǹkan," ló ń wí fún ara rẹ̀ títí ó fi wọlé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ìpàdé pé nígbà tí Gàfárù wá fọ kànga ilé náà. Gàfárù ló ń gbẹ́ kànga ní gbogbo àgbègbè yẹn, bàbá rẹ̀ ló sì gbẹ́ púpọ̀ nínú àwọn kànga àtijọ́ Ìsọlọ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó ti lé ní ogójì ọdún díẹ̀, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Ó gbé díígà àti okùn rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko Tíṣà, ó dúró, ó fa afẹ́fẹ́ símú.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀. Ṣé àlàáfíà ni?"

"A dúpẹ́, mà. Ta ló kó kánáàlì wá síbí?"

"Ilẹ̀ dúdú ni."

"Mo rí i pé ó dúdú, mà. Ọ̀dà títì náà dúdú."

Tíṣà mọ ohùn yẹn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ìjókòó ẹ̀yìn ni ohùn náà ti ń wá. Ìdánwò ni: ẹ ya ìpele ilẹ̀. Ọmọ náà ya ìlà tó ń lọ sókè sódò bí ejò, ó tún jẹ́ kí ìpele òkè rọ̀ bí àpò wọ inú ìpele pupa. Tíṣà fún un ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ó sì fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Lo rúlà. Ọmọ náà dìde. Ó ní bó ṣe rí nínú kànga bàbá òun nìyẹn. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, Tíṣà náà sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ṣé ẹ rántí mi, mà?" ni Gàfárù wí báyìí. "Mẹ́ta nínú mẹ́wàá."

"Ọmọ tí mo kọ́ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, Gàfárù. Ìwé ta ni mo fẹ́ rántí?"

Ó yára yíjú sí kànga bó ṣe sọ ọ́ tán.

Gàfárù bẹ̀rẹ̀, ó mú ìṣù ẹrẹ̀ gbígbẹ kan, ó fọ́ ọ, ó fi ìka ra lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀. "Ó ti kan," ló wí. "Bàbá mi ì bá tọ́ ọ wò kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní fi ahọ́n kan kánáàlì Okota, mà, bẹ́ ẹ tiẹ̀ fún mi ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá."

"Báwo ni ilẹ̀ dúdú ṣe máa kan?"

"Inú omi ló ti ń bọ̀. Tí ẹrẹ̀ àbàtà bá wà lábẹ́ omi, ṣe ló sùn, kò ní wàhálà. Tẹ́ ẹ bá gbé e síta tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó jí nìyẹn. Ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í kan díẹ̀díẹ̀. Imí ọjọ́ ló wà nínú rẹ̀ tó ń rùn bí ẹyin yẹn. A mọ̀ ọ́n dáadáa lápá ìsàlẹ̀ Okota. Páìpù onírin kì í pẹ́ níbẹ̀."

"Ẹ̀rí dà?"

Gàfárù na ọwọ́ sí oko tó ṣófo. Tíṣà ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ̀rí ni bébà. Bébà kékeré kan wà ní ilé ìwé nígbà náà tó máa ń pọ́n tó bá kan omi ilẹ̀ kíkan. Páálí kan péré ni wọ́n fún wọn, ó sì tán kí Tíṣà tó lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà, ẹnu ló fi ń ṣe bébà. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ọmọ máa ń búra pé àwọn rí i tó pọ́n.

Ọmọ́níkẹ́ ti ń gbọ́ wọn láti ṣọ́ọ̀bù. "Mọ́mì Tóbi, sóbò mi náà máa ń pàwọ̀ dà. Lọ́jọ́ tí mo fi eérú fọ ìkòkò tí mi ò ṣàn án dáadáa, pupa ni sóbò wọ inú ìkòkò, ó débẹ̀ tán ó dà bí omi ewédú. Mo ti rò pé wọ́n ṣe mí ni. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta."

Tíṣà wò ó títí. Òdòdó ìṣápá ni wọ́n fi ń ṣe sóbò. Ó ti lé lógún ọdún tó ti sọ ọ́ ní kíláàsì pé àwọ̀ òdòdó kan wà tó ń ṣiṣẹ́ bíi bébà yẹn, ó sì ti mu sóbò lójoojúmọ́ láti ìgbà náà wá.

"Lọ gbé èyí tí kò ní ṣúgà wá," ló wí. Ohùn ilé ìwé ti padà sẹ́nu rẹ̀.

Ó bu omi là á títí ó fi di àwọ̀ elésè àlùkò, ó dà á sínú ife mẹ́ta. Ó po ẹrẹ̀ dúdú mọ́ omi, ó jẹ́ kó silẹ̀, ó da omi orí rẹ̀ sínú ife kìíní. Sóbò náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó da omi eérú sínú èkejì, ó di àwọ̀ ewé. Tíṣà kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣèlérí pé yóò pọ́n, ó sì pọ́n lóòótọ́.

"Ife kẹta ńkọ́?" ni Ọmọ́níkẹ́ bi í.

"Ti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹrẹ̀ ni," ni Gàfárù dáhùn, ó sì gbé díígà.

Ó gbẹ́ ihò tó mu èèyàn dé àyà, ó sì fi àdá họ ògiri ihò náà kan kó lè mọ́. Tíṣà sún mọ́ etí rẹ̀, ó ká yẹ́rì rẹ̀ mọ́ra, ó wolẹ̀.

Ẹrẹ̀ Okota ló wà lókè, kò nípọn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rá, ìdérí ìgò àti èérún búlọ́ọ̀kù.

"Pàǹtírí tiwa nìyí," ni Gàfárù wí. "Ọgbọ̀n ọdún, bóyá díẹ̀ sí i."

Lábẹ́ ìyẹn ni ilẹ̀ kan wà tó dà bí àwọ̀ kòkó, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, ekòló kan sì ń wá ibi tí yóò sá sí. "Ilẹ̀ gidi nìyí, mà. Ewé tó jẹrà ló sọ ọ́ di dúdú, kì í ṣe kánáàlì. Ó wà níbí kẹ́ ẹ tó da ẹrẹ̀ bò ó." Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ oníyanrìn tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, torí òjò ti fọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn ló pupa fòò, amọ̀ dà pọ̀ mọ́ yanrìn, bí irin tó ti dípẹtà.

Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bó ṣe ń yà á náà ni, àfi ohun kan. Ìlà náà kò tọ́. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sódò. Níbì kan, ilẹ̀ aláwọ̀ kòkó rọ̀ bí àpò wọ inú èyí tó pupa.

"Igi kan ti wà níbẹ̀ rí," ni Gàfárù wí jẹ́jẹ́. "Gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà, ilẹ̀ òkè sì yá ihò rẹ̀ lò." Ó gbójú sókè. "Mà, ẹ lọ mú rúlà wá."

Tíṣà wo ìsàlẹ̀ ihò náà. "Àpáta dà?"

"Bàbá mi gbẹ́ Ìsọlọ̀ fún ogójì ọdún, omi ló ń rí. Kò rí àpáta."

Tíṣà gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò. Ó ń ronú. Bí kò bá sí àpáta nísàlẹ̀, ibòmíràn ni ilẹ̀ yìí ti wá. Oòrùn àti òjò á fọ́ àpáta lọ́nà jínjìn, odò á ru èyí tó fọ́ wá sí ẹ̀bá òkun, ọdún tí kò ṣeé kà. Ta ló sì ní àpáta lókè lọ́hùn-ún? Ó rọra pa ìyẹn mọ́ sínú. Ó mọ ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Wọ́n bu ilẹ̀ aláwọ̀ kòkó náà sínú ife kẹta. Àwọ̀ sóbò kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ó pọ́n díẹ̀ péré.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi họ ẹrẹ̀ kúrò, típà tó gbé e wá ló sì gbé e padà, awakọ̀ náà ń wo Tíṣà bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan tí kò sì béèrè. Wọ́n ṣa ọ̀rá. Ilé búrẹ́dì kan tó ń fi igi dáná fún wọn ní eérú, Ọmọ́níkẹ́ sì gba ìkarahun ìgbín lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìgbín, ó gún un lódó títí ó fi kúnná. Tíṣà fẹ́ da gbogbo eérú náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ rọra, mà. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀?"

Ó rọra. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ó ń fi sóbò yẹ ilẹ̀ náà wò, ó ń kọ àwọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Ọmọ́níkẹ́ ní nínú gbogbo oníbàárà òun, ilẹ̀ nìkan ni kì í béèrè ṣúgà. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gééré, Tíṣà gbin tètè fún ìgbà kẹta. Kò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó.

Ọjọ́ ìpàdé dé. Nígbà tí àwọn onílé sọ̀rọ̀ iná àti gọ́tà tán, Alhaji kó wọn wá sí ilẹ̀ náà. Ó tó èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Alhaji mú téèpù ìwọnlẹ̀ dání. Tètè ti ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀, ó dúdú mínímíní, ṣùgbọ́n kò hù dé ibi gbogbo. Gàfárù náà wà níbẹ̀, ó fara ti ògiri.

"Kò ṣófo, mo gbà," ni Alhaji wí. "Àmọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni Tíṣà gbìn ín níṣojú wa, ẹ̀ẹ̀mejì ló kú. Tí mo bá fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀, kí ló fi hàn pé èyí ò ní kú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Ẹ ṣàlàyé fún wa, Tíṣà. Kí ló pa àwọn ti tẹ́lẹ̀?"

Ìbéèrè ni. Ọdún mẹ́ta ló ti ń wá a. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dúró, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ nìkan ni kò wù ú.

Ó lè sọ pé oòrùn ni. Ó lè sọ pé irúgbìn ni. Gàfárù ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Èmi ni mo pa wọ́n," ni Tíṣà wí. "Mo rí ohun tó dúdú, mo pè é ní ilẹ̀. Ẹrẹ̀ kíkan ni. Mo dà á bo ilẹ̀ rere tó wà lábẹ́ rẹ̀, torí mi ò wò ó. A ti họ ọ́ kúrò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló dúró níbẹ̀ yẹn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ló ya ilẹ̀ bó ṣe rí gan-an fún mi, mo sì fún un ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá torí ìlà rẹ̀ kò tọ́. Ẹ wá wo ihò yìí. Ẹ wá ìlà tó tọ́ níbẹ̀ fún mi."

Wọ́n yí ihò náà ká. Alhaji bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó fa àpáàdì kékeré kan yọ nínú ilẹ̀ aláwọ̀ kòkó, ó nù ún mọ́ra aṣọ, kò sì jù ú nù.

"Ìyá bàbá mi gbin ilá lápá ibí yìí," ló wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ máa ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé àpáta ló wà nísàlẹ̀. Mi ò rí àpáta."

"Àpáta náà wà ní Èkìtì, Alhaji. Ọ̀dọ̀ wa lókè ló ti fọ́, odò ló gbé e wá fún yín."

Alhaji nàró. "Ṣé ẹ ń sọ pé ará Èkìtì ló ni ilẹ̀ Ìsọlọ̀?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi odò."

Ẹ̀rín bo ibẹ̀. Alhaji gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ó tẹ téèpù rẹ̀, ó ká wọ inú páálí rẹ̀ ṣááṣá. "Ẹ máa lo oko yín lọ. Màá wá ibòmíràn fún ọkọ̀. Ìgbà wo ni kí n gbé abọ́ wá?"

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Àwọn èèyàn ti lọ tán kí Gàfárù tó kúrò lára ògiri. Ó wá dúró sétí ihò.

"Mà, máàkì mi ńkọ́?"

Tíṣà wo ìlà tó ń lọ sókè sódò lára ògiri ihò, ó wo àpò tó rọ̀ síbẹ̀.

"Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá."

"Méjì tó kù ńkọ́, mà?"

"O ò kọ orúkọ sórí ìwé rẹ. Gbogbo kíláàsì ni mo bi léèrè ẹni tó ni ín kó o tó dìde."

Gàfárù wò ó. Ẹni tó ní òun kò rántí ìwé ẹnikẹ́ni nìyí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú igi kékeré kan, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá tètè. Ó wọ́ díẹ̀ lápá ìparí. Tíṣà rí i, kò sì sọ fún un pé kó lo rúlà.